Ọgbọ́n Ọlọ́gbọ́n àti Ìbò Ìdá 75

Àwọn baba wa ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ọ̀rọ̀ náà sì ti gbó sí wa lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tí olórí ẹbí tó ti ta ilẹ̀ tán kó tó pe ìpàdé náà a máa fi í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohun tí òwe náà gbà láìjiyàn ni pé àgbà wà, pé ọlọ́gbọ́n mìíràn wà nítòsí rẹ̀, àti pé bí àwọn méjèèjì bá ti lè forí korí, wèrè ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nìyẹn. Èmi kò bá baba ẹnì kankan jà. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó pa òwe náà bá gbé ayé di àkókò tí ilé-iṣẹ́ kan ní Cambridge, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń ṣàkóso ìlú tí kò sí lórí ilẹ̀, tí àwọn ọmọ ìlú náà sì ń san owó oṣooṣù kí wọ́n lè máa gé igi tí kò lè se ẹ̀wà agolo kan nílé wọn, ó dá mi lójú pé wọn ì bá fi gbólóhùn kan sí i.

RuneScape ni orúkọ géèmù orí íntánẹ́ẹ̀tì náà. Andrew Gower àti Paul arákùnrin rẹ̀ gbé e jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, ilé-iṣẹ́ Jagex sì ni alábòójútó rẹ̀. Ẹni tó bá wọ inú rẹ̀ lè di apẹja, alágbẹ̀dẹ, agégi tàbí jagunjagun, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí a ń kọ́ mọ́jú: láti ipele kìn-ín-ní títí dé ipele 99 tí í ṣe téńté òkè ní ìpilẹ̀ṣẹ̀, máàkì ìrírí 13,034,431 ni èèyàn gbọ́dọ̀ kó jọ, díẹ̀díẹ̀, lóru, nígbà tí àwọn ará ilé yòókù bá ti sùn. Ẹni tó bá sì dé ipele 92, tó ń rò pé èbúté ti sún mọ́lé, ìdajì ọ̀nà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nítorí bí ipele bá ṣe ń ga ni ohun tó ń béèrè ń wúwo sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí nídìí igi gígé yìí ni púpọ̀ nínú ìjà tí mo fẹ́ ròyìn ti ṣẹ̀ wá.

Ní àkókò tí Jagex, àgbà ìlú náà, kò tíì máa béèrè ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹnì kankan, àwọn ẹlẹ́tàn dé sínú ìlú náà: wọ́n ń kó owó wúrà inú géèmù jọ, wọ́n ń tà á fún owó tí a fi ń ra búrẹ́dì, wọ́n sì ń fi káàdì báńkì tí wọ́n jí san owó oṣooṣù. Àìsàn gidi ni, n kò ní parọ́ mọ́ Jagex. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, orí bíbẹ́ gan-an sì ni wọ́n yàn, nítorí ní oṣù kejìlá 2007 wọ́n fòpin sí ìjà ẹni sí ẹni nínú aginjù tí wọ́n ń pè ní Wilderness, nígbà tó sì di oṣù kìn-ín-ní 2008 wọ́n ṣòfin pé ohun tí ẹnì kan bá fún ẹnìkejì kò gbọdọ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju ohun tó gbà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, tó fi di pé ọ̀rẹ́ kò lè fi idà dáradára ta ọ̀rẹ́ lọ́rẹ mọ́. Ará ìlú tú sí ìgboro Falador inú géèmù náà, wọ́n ń fi lẹ́tà pariwo, nítorí lẹ́tà ni ohùn tí wọ́n ní níbẹ̀. Ó lé ní ọdún mẹ́ta kí àgbà tó gbọ́: ìbò tó ju mílíọ̀nù kan lọ ni wọ́n dì, ó ju 90 lọ nínú 100 tó ní kí á dá nǹkan padà sí bó ṣe wà, aginjù àti fàájì ìtọrẹ sì padà ní oṣù kejì 2011.

Ṣé ẹ rò pé àgbà náà kọ́gbọ́n? Jagex, a-wólé-tún-un-kọ́-kí-onílé-tó-jí, ọmọ ará Cambridge tí í fi ọ̀tun lé ogbó jáde nílé baba ogbó! Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 2012 ni wọ́n gbé àtúnṣe kan dé, Evolution of Combat lorúkọ rẹ̀, ni ìjà tí èèyàn ń fi ọwọ́ kan jà, tó ń fi èkejì jẹ ẹ̀pà, bá di ohun tí a ń tẹ bọ́tìnnì lọ́tùn-ún lósì fún bí ẹni ń lu dùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì. A ní kó wá kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n jáde. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ilé-iṣẹ́ náà fi rántí pé ẹ̀dà géèmù náà ti oṣù kẹjọ 2007 ṣì wà nínú àpótí, wọ́n sì bi ará ìlú bóyá wọ́n fẹ́ padà síbẹ̀. Ìjọba mélòó ló wà láyé tó lè bi ọmọ ìlú pé, “Ọdún wo lẹ fẹ́ kí á dá yín padà sí?” kó sì ní ọ̀nà láti mú wọn débẹ̀? Ìbò tó sún mọ́ 450,000 wọlé. Ìbò náà kò tíì parí tí Old School RuneScape fi ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 22 oṣù kejì 2013.

Níbẹ̀ ni òwe àwọn baba wa ti kúrò ní òwe, tó di òfin, nítorí Jagex, tí wèrè ti pọ̀ jù lórúkọ rẹ̀, búra pé ohun tuntun pàtàkì kan kò ní wọlé mọ́ àfi bí ìdá 75 nínú 100 àwọn olùdìbò bá fọwọ́ sí i. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n wá di ohun tí a ń kà lórí, ẹni 26 sì lè di ẹni 74 lọ́wọ́ mú nínú rẹ̀. Àwọn tó ní àwọn fẹ́ ọdún 2007 bó ṣe rí gan-an, láìbù láìyọ, kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ọjà títà lẹ́sẹ̀ títì ń sú ni. Grand Exchange, ọjà àpapọ̀ tó dé ní oṣù kọkànlá 2007, lẹ́yìn ẹ̀dà tí wọ́n fi owó ara wọn padà sí, ni wọ́n dìbò fún, ó sì dé bá wọn ní 2015. Ṣùgbọ́n bí a bá ti dárúkọ iṣẹ́ tuntun tí wọ́n lè kọ́ nínú géèmù náà, kíá ni wọ́n á rántí òòtọ́ ọdún 2007: Artisan ṣubú ní 2014, Sailing tí í ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ṣubú ní 2015, Warding ṣubú ní 2019. Ẹnu kan náà tó ń ráhùn pé géèmù náà ti di ohun kan náà lójoojúmọ́ ni ẹnu tó ń sọ pé ohun tuntun náà kò jọ ti àtijọ́.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú ìlú yìí, àkísà gan-an ni wọ́n fi ń ṣòfin. Ẹni tó ti gé igi títí ó fi kó máàkì 13,034,431 jọ, tí ọrùn ọwọ́ ń ta á, kì í fẹ́ dìbò fún àáké tó mú ju tirẹ̀ lọ. Yóò ní òun kò ṣe ìlara, pé iyì iṣẹ́ ni òun ń dáàbò bò. Mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó jẹgba lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́.

Kí n má sì di gbogbo ẹ̀bi lé ará ìlú lórí: ní oṣù kẹsàn-án 2021, ọmọ ìlú kan tó ti fi ọdún bíi méjì ṣe ẹ̀rọ tí yóò mú kí omi, òjìji àti ìmọ́lẹ̀ inú géèmù náà dára lójú, fẹ́ gbé e jáde fún gbogbo èèyàn, ni Jagex bá ní kó dúró, pé àwọn náà ń ṣe irú rẹ̀ lọ́wọ́. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kan ilẹ̀kùn, àgbà tì í mọ́ta. Falador tún kún. Láàrin ọjọ́ mélòó kan, àgbà yí ohùn padà, ẹ̀rọ náà sì jáde.

Lẹ́yìn èyí, ní 2022, wọ́n fa ìdá 75 wálẹ̀ sí 70. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò yóò pe baba: Sailing, tí àwọn fúnra wọn ti fi dápàárá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí wọ́n ti ta nù ní 2015, borí nínú ìbò 2023, ó sì wọlé ní ọjọ́ 19 oṣù kọkànlá 2025, iṣẹ́ kẹrìnlélógún, àkọ́kọ́ tí wọ́n fi kún un láti ìgbà tí wọ́n ti padà sí 2007. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọdé tó kọ́kọ́ gbógun ní Falador ti ń san owó ilé-ìwé ọmọ báyìí, àwọn ni àgbà tí òwe ń bá wí, ọgbọ́n tí wọ́n sì ń pè ní ti ọlọ́gbọ́n, tiwọn ni. Ẹni tí a kò tíì bí ní 2007 lè wọlé lónìí, kó sì dábàá pé kí igi máa tètè wó díẹ̀ sí i. Kò lè dìbò sí àbá ara rẹ̀: olùdìbò gbọ́dọ̀ máa san owó oṣooṣù, àpapọ̀ ipele rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pé iye kan, nítorí náà kó kọ́kọ́ lọ gé igi ná.