Lẹ́tà sí Bọ̀dá Bìní, Ọ̀gá Kátápílà

Bọ̀dá mi,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó, mo sì kí kátápílà tí wọ́n ní ẹ ti sanwó sílẹ̀ fún. Ìròyìn ti dé Ìbàdàn pé ẹ fẹ́ wó ilé alámọ̀ tí Bàbá wa fi sílẹ̀ ní Bìní, ilé tí gbogbo wa ní ìpín nínú rẹ̀, kí ẹ lè kọ́ pílásà onígíláàsì. Ẹ ní ó ti di ahoro. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ ọ́ di ahoro? Páànù ń jò, ẹ ò pààrọ̀ rẹ̀. Òjò wọlé, ikán tẹ̀lé e. Ògiri ò ṣẹ̀ yín.

Kí n tó gbàgbé, báwo ni ilé kejì, èyí tí ẹ gbé dé dékìn tí ẹ fi sílẹ̀? Irin ti yọrí síta, ó ń dípẹtà, koríko sì ti gba pálọ̀. Ẹni tí kò tíì parí tuntun ló fẹ́ wó èyí tó ti parí. Bọ̀dá, ẹ tó bẹ́ẹ̀!

Ẹ máa ń gba ọ̀nà Sokponba kọjá, àmọ́ mi ò rò pé ẹ wo ilé Olóyè Ogiamien rí. Amọ̀ pupa ni wọ́n fi mọ ọ́n, pẹ̀lú àkòdì tí ojú ọ̀run ń wọ̀ àti ìlà gbọọrọ lára ògiri, àmì ilé ọlọ́lá. Nígbà tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ Bìní lọ́dún 1897 tí iná sì jó ìlú, ilé yẹn wà lára ìwọ̀nba tó yè é. Ọdún 1959 ni ìjọba kà á mọ́ ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Iná ogun kò borí amọ̀ Ogiamien, tiwa wá ni òjò borí.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Central Hospital àtijọ́ lọ́nà Sapele. Wọ́n wó o, wọ́n fi ilẹ̀ ibẹ̀ kọ́ MOWAA, ilé iṣẹ́ ọnà tí ilé-iṣẹ́ ayàwòrán-ilé David Adjaye ya àwòrán rẹ̀. Ẹ mọ ohun tí wọ́n fi mọ ògiri pupa ibẹ̀? Amọ̀! Amọ̀ tí wọ́n gún ní ìpele ìpele títí ó fi le. Olówó ń náwó kó lè rí amọ̀, ẹ̀yin ń náwó kí wọ́n lè kó tiyín dànù.

Sìmẹ́ńtì tí ẹ fẹ́ fi kọ́ pílásà náà ní wàhálà tirẹ̀. Òkúta tí wọ́n ń fi ṣe sìmẹ́ńtì gbọ́dọ̀ jó nínú ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 1,450°C, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú carbon dioxide jáde bó ṣe ń jó. Nǹkan bí ìdá 8 nínú 100 irú èéfín yìí tí ọmọ aráyé ń tú sójú ọ̀run, ìdí sìmẹ́ńtì ló ti ń wá. Ẹ ó wó ògiri tó ti wà, ẹ ó ra sìmẹ́ńtì Okpella, ẹ ó tún ra jẹnẹrétọ̀ fún ẹ̀rọ amúlétutù kí ayálégbé má baà yan nínú gíláàsì.

Ẹ ní kí la fẹ́ fi ilé gbígbó ṣe? Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street l'Ékòó, ọdún 1882 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Wọ́n ti Awólọ́wọ̀ mọ́ ibẹ̀, wọ́n ti Michael Imoudu, ọmọ Edo tiyín, mọ́ ibẹ̀. Wọ́n wó o lọ́dún 1979, ló bá di ààtàn. Theo Lawson, ayàwòrán-ilé, ló mú èyí tó ṣẹ́ kù, ó sọ ọ́ di Freedom Park, wọ́n sì ṣí i lọ́dún 2010. Níbi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn, orin ni wọ́n ń kọ níbẹ̀ báyìí. Ṣé yàrá tí Bàbá ń kó rọ́bà sí ni kò wá ní lè di ṣọ́ọ̀bù, kí àgbàlá di ibi iyán àti black soup?

Ẹ pe ẹnjiníà kó yẹ ìpìlẹ̀ wò. Bó bá ní ó ti yẹ̀, mo gbà, ẹ wó o. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, páànù ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, kí etí òrùlé gùn kọjá ògiri, kí ẹ sì la ojú àgbàrá. Ẹ má jẹ́ kí bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀: yóò sé omi mọ́nú, yóò sì máa bó. Amọ̀ ni kí wọ́n fi rẹ́ amọ̀.

Owó páànù tó bá kàn mí, màá san án. Ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́, kí ẹ má sì ṣe bu epo mọ́tò yín mọ́ ọn bíi ti ọjọ́sí.

Èmi ni,
Àbúrò yín ní Ìbàdàn