Yẹ̀yẹ́ Ẹ̀gbin-Èéfín, Adènà Abẹ̀bẹ̀ Tọ́bò

Ẹ̀gbin-èéfín, ọmọ dísù tí kò jóná tán,
ìwọ ni mo wá kí lónìí.
Arọ̀mọ́rin-má-ṣeé-gbọ̀n,
Ajókòó-sójú-ọ̀nà,
Kékeré tó há àgbà mọ́ ibi tó wà,
A-ṣẹ̀-má-jẹ̀yà, tó jẹ́ kí wọ́n dájọ́ ikú fún tọ́bò.
Jókòó dáadáa, kí o gbọ́ oríkì ara rẹ.

Ọlọ́gbọ́n ló kọ́lé, ìwọ lo wá di onílé.
Ní 1905, Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, gba ìwé àṣẹ lórí èrò rẹ̀
pé kí èéfín ẹ́ńjìnnì má kàn jáde lófo,
kó yí wíìlì kó tó lọ,
kí wíìlì náà sì máa ti afẹ́fẹ́ wọnú ẹ́ńjìnnì; ohun tí wọ́n ń pè ní tọ́bò nìyẹn.
Àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ to abẹ̀bẹ̀ irin kéékèèké yí wíìlì ọ̀hún ká.
Ẹ́ńjìnnì ń rìn jẹ́jẹ́, abẹ̀bẹ̀ padé, àlàfo há, èéfín sáré;
ẹ́ńjìnnì ń ké, abẹ̀bẹ̀ là, èéfín ráyè kọjá.
Wíìlì yẹn lè yí ju ìgbà 200,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan.
Iṣẹ́ ńlá báyìí, ìwọ tí o kò lè yí abẹ́rẹ́
lo lọ rọ̀gbọ̀kú sí ìdí abẹ̀bẹ̀,
o ní kò síbi tí wọ́n ń lọ mọ́.

Mo mọ ibi tí o ti ń jẹun.
Ní Manchester, ilé-ìwé ọmọ kò jìnnà sílé,
ọjà kò jìnnà sí ilé-ìwé,
ẹ́ńjìnnì dísù kò tíì gbóná tán tí wọ́n ti pa á.
Ọ̀nà kúkúrú loúnjẹ rẹ, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọbẹ̀ rẹ.
O ń sanra, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ.
Ọjọ́ tí ìdílé kan wọ aṣọ ẹbí,
tí wọ́n gbé kúlà ìrẹsì sẹ́yìn ọkọ̀, tí wọ́n forí lé òde ìyàwó ní Leeds,
orí òkè Pennine, lójú mótòwéè M62, lo ti dìde.
Bàbá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, ó tẹ tọ́tù,
agbára pòórá, iná yọ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù,
ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń tan iná gọ̀ọ̀rọ̀ sí i.
Àwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀ yẹn.
Ìyẹn ni mi ò lè dárí ẹ̀ jì ọ́.

Wọ́n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n pa ọkọ̀, wọ́n tún ṣí i, agbára padà. Ìyá àwọn ọmọ ní ó ti san. Kò san o. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló rí i pé atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì ti kọjá ibi tóun pàṣẹ, ló bá dín agbára kù kí ẹ́ńjìnnì má bàa fọ́. Bí wọ́n ṣe pa á tí wọ́n ṣí i, ó tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i ni. Ìwọ ṣì wà ní ìdí abẹ̀bẹ̀, o ń retí òkè mìíràn.

Ẹ wá wo elégbè Ẹ̀gbin-èéfín. Ọ̀gá mẹkáníìkì kan á so ẹ̀rọ àyẹ̀wò mọ́ ọkọ̀, á rí P0299, kò ní ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tán tí yóò fi ní, “Tọ́bò ti kú, òmíì lẹ máa rà.” Ọ̀gá, P0299 ní atẹ́gùn kò tó, kò sọ ẹni tó jí i. Rọ́bà tó sán lè fà á, páìpù tó ń jò lè fà á, abẹ̀bẹ̀ tó là tí kò lè padé mọ́ náà lè fà á. P0234 ní atẹ́gùn pọ̀ jù. Níbẹ̀ ni òórùn rẹ ti le jù, Ẹ̀gbin-èéfín, torí abẹ̀bẹ̀ tó padé tí kò lè là mọ́ a máa bí irú rẹ̀. Síbẹ̀, fáàfù tó ń darí wọn lè jẹ́bi.

Ẹ jẹ́ ká fi ọkọ̀ Golf 1.9 TDI ìran kẹrin tó ní irú abẹ̀bẹ̀ yìí ṣe àpẹẹrẹ. Ago tó ń fa ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ kò lo iná. Fífa ni wọ́n ń fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, fáàfù N75 ló sì ń díwọ̀n rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan tọ́bò, kó fọwọ́ tọ àwọn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó so fáàfù náà mọ́ ago láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ooru a máa là wọ́n. Kí ẹnì kan ṣí ọkọ̀, kí ẹlòmíì máa wo ọ̀pá: ẹ́ńjìnnì dìde, ọ̀pá gbọ́dọ̀ dìde, wọ́n pa á, kó sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n so pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ mọ́ ago, kí wọ́n máa fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Níbí ni mo fẹ́ kí ojú yín wà.
Ọ̀pá tí ara rẹ̀ dá a máa yọ́ lọ láìdúró, a máa yọ́ bọ̀ láìdúró.
Ọ̀pá tí Ẹ̀gbin-èéfín bá dì mú á dúró, á fò lójijì,
tàbí kó dé ìdajì kó yarí.
Bí abẹ́rẹ́ pọ́ọ̀ǹpù bá ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, ago ló lu.
Ẹlẹ́tàn, o tún ní ọgbọ́n àlùmọ̀kọ́rọ́yí kan:
irin tutù, o tú abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. Irin gbóná, o dì í mú.
Nítorí náà, kí wọ́n wò ó ní tútù, kí wọ́n wò ó ní gbígbóná,
kí wọ́n sì ṣọ́ ọwọ́, torí irin yẹn ń jóni.
Kí wọ́n wá wa ọkọ̀ jáde pẹ̀lú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, kí wọ́n ṣí ojú 011 rẹ̀,
iye atẹ́gùn tí ọkọ̀ pàṣẹ, iye tó rí gbà.
Bí fáàfù bá ti ń dẹwọ́, tí iye tó rí gbà ṣì ń gòkè,
tí wọ́n sì ti rí ọ̀pá tó yarí,
a ti mú ọ.

Nígbà mìíràn, ìrìn gígùn lójú mótòwéè, tí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, a máa sun díẹ̀ lára rẹ. Bó o bá ti le jù, wọ́n á tú tọ́bò, wọ́n á yọ òrùka abẹ̀bẹ̀, wọ́n á fọ̀ ọ́ dànù títí abẹ̀bẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fi yí fàlàlà. Bí abẹ̀bẹ̀ bá ti jẹ, tàbí tí ọ̀pá àárín wíìlì ń mì, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ tọ́bò tuntun tó sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wa dísù, ẹ ní kí ọ̀gá so pọ́ọ̀ǹpù ọwọ́ mọ́ ọn lójú yín, kí ẹ tó yọ káàdì báńkì.