Àbẹ́là Lásán, Wọ́n Sọ Ọ́ Di Ìdánwò

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ gbà mí o! Kí ni mo fẹ́ láyé yìí? Bí iná bá lọ lálẹ́, kí n rí ibi tí ẹnu mi wà kí n fi òkèlè sí i. Ó parí! N kò tọrọ mọ́tò, n kò ní kí wọ́n fi mí joyè. Àbẹ́là ni mo ní kí àwọn ọmọ mi bá mi rà bọ̀, ni wọ́n bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń bi mí pé: "Dádì, ṣé ti sóyà lẹ fẹ́ ni, àbí ti páráfíìnì?"

Ti kí ni? Èmi tó jẹ́ pé iná àbẹ́là ni mo fi kàwé jáde girama, n kò gbọ́ ọ rí pé àbẹ́là ní ẹ̀yà méjì. Funfun ni, ó gùn, ó lówùú nínú, a ṣáná sí i, ó tàn. Àṣé ìjà ńlá wà nídìí ọ̀rọ̀, ìgbà tí èmi bá fẹ́ rà á ni wọ́n ń dúró dè!

Ọmọ mi obìnrin ló kó ìjà yìí wọlé. Ó jáde yunifásítì, kò ríṣẹ́, ó lọ kọ́ lórí fóònù bí wọ́n ṣe ń fi sóyà ṣe àbẹ́là olóòórùn dídùn. Mo bá a yọ̀ o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí ìyàwó mi fi ń se ẹ̀fọ́ ló fi ń yọ́ ìda, ó ń ti tẹmómítà bọ̀ ọ́ lẹ́nu bí ẹni pé ibà ń ṣe é, èmi tí ibà ń ṣe ní ti gidi, kò sẹ́ni tó wo tèmi. Tí ìda yẹn bá sì dì tán, ẹ má rò pé ó ti ṣe é tàn. Ó di dandan kó sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí òórùn rẹ̀ tó mú. Ìda ń sinmi! Orí tábìlì tí mo ti ń jẹun ni wọ́n ti ń sinmi, èmi bàbá wọn gbé àwo lé itan, mo rọra ń jẹun kí n má baà jí wọn.

Mo ní kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀yà méjèèjì fún mi. Wọ́n ní inú epo rọ̀bì ni páráfíìnì ti ń jáde. Ẹ̀ẹ́n, kí ló wá dé? Ṣé kì í ṣe epo rọ̀bì náà ló ń bọ́ ìjọba wa ni? Nígbà láéláé, ọ̀rá màlúù ni tálákà ilẹ̀ Yúróòpù ń tàn, ó ń rùn, ó ń ṣèéfín, ìda oyin sì wà fún ọlọ́rọ̀ àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ní 1850 ni ará Scotland kan, James Young, gbàwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe lè fa páráfíìnì jáde lára èédú ilẹ̀, ìgbà tó yá ni wọ́n wá ń rí i fà lára epo rọ̀bì, àbẹ́là wá funfun, kò rùn mọ́, ó pọ̀, mẹ̀kúnnù náà rí i rà. Láti ìgbà yẹn, aráyé ń tàn án lọ ní tiwọn, kò sí wàhálà, àfi ìgbà tó kan èmi!

Sóyà ńkọ́? Ẹ̀yìn 1990 ni ará Amẹ́ríkà kan, Michael Richards, ń wá ohun tí yóò fi rọ́pò ìda oyin tó wọ́n gógó, ló bá rí i pé òróró ẹ̀wà sóyà ṣe é sọ di ìda. Wọ́n á fún òróró rẹ̀, wọ́n á ti gáàsì háídírójìn wọ inú rẹ̀, á sì dì, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń ṣe màgaríìnì tí à ń fi sí búrẹ́dì nígbà kan. Ẹ̀yin ará, ẹ̀wà ni o! Láti 1908 tí sóyà ti wọ Nàìjíríà, ẹ̀yìn 1980 ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní IITA n'Ìbàdàn tó rí wa kọ́ dáadáa pé ká máa lọ̀ ọ́ mọ́ ògì ọmọ, ká máa fi ṣe wàrà, kí ara ọmọ le. Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n jẹ bọ̀ ni wọ́n ní ká máa sun ún. Owó ife àbẹ́là sóyà kan, tí n bá gbé e dé ọjà, màá ra kóńgò ẹ̀wà olóyin kan, màá tún rí epo pupa àti ata rà sí i, ìyàwó mi á gbàdúrà fún mi!

Ẹ wá gbọ́ òfin rẹ̀. Ìwé kan ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí ife, lẹ́tà ara rẹ̀ sì kéré débi pé mo nílò iná kí n tó lè ka bí mo ṣe máa tanná. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ gé òwú rẹ̀ kó ku mìlímítà 6, nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ tàn án. Nínú òkùnkùn! Wọ́n ní tí n bá tàn án nígbà àkọ́kọ́, n kò gbọdọ̀ pa á àfi tí gbogbo ojú rẹ̀ bá yọ́ kan etí ife, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ àárín rẹ̀ nìkan ni yóò máa jó wọlẹ̀ lọ títí ayé rẹ̀, yíyọ́ kan etí yìí sì lè gbà tó wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. N kò sì gbọdọ̀ jẹ́ kó jó ju wákàtí mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, n kò gbọdọ̀ gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Nínú ooru ilé wa yìí! Ṣé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni kí n ti máa tàn án?

Lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí, iná lọ, mo tan sóyà, ojú rẹ̀ kò tíì yọ́ ju àtàǹpàkò mi lọ ni iná bá dé, gbogbo àdúgbò hó yèè! Mo nawọ́ kí n pa àbẹ́là, ọmọ mi figbe ta: "Dádì, ẹ má pa á o, kò tíì kan etí!" Bí a ṣe jókòó nìyẹn, gílóòbù ń tàn lókè, àbẹ́là ń tàn nísàlẹ̀, èmi àgbàlagbà ń ṣọ́ ẹ̀wà kó yọ́, n kò lè lọ sùn, n kò lè tan fáànù, òógùn ń bò mí, ìyàwó mi ń hanrun. Nígbà tó yọ́ kan etí tán, tí mo ní kí n pa á báyìí, ni iná bá tún lọ!

Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ gan-an kò sì tó nǹkan. Sóyà rọ̀, inú ife ni wọ́n ń ṣe é sí, bó sì ṣe ń jó wálẹ̀ ni iná rẹ̀ ń rì, ó ń tàn fún ara rẹ̀ nínú ife lọ́hùn-ún, èmi tí mo sanwó ń fọwọ́ wá ẹja nínú ọbẹ̀. Ẹ mú páráfíìnì, ẹ kán an sórí ọmọrí agolo mílíìkì, ẹ fìdí rẹ̀ tẹ ibẹ̀ kó tó dì, ó dúró ṣánṣán. Bí síìpù ṣòkòtò bá há, ẹ fi ra á, á máa yọ̀. Ẹ fi sóyà inú ife ra síìpù kí n wò yín!

Òórùn rẹ̀ tún ni ẹjọ́ mìíràn. Oṣù ti ń parí lọ, ìkòkò mọ́ fefe, gbogbo ilé wá ń ta sánsán fanílà. Àbíkẹ́yìn mi jí lóru, ó ní òun fẹ́ kéèkì. Mo ní kò sí kéèkì, àbẹ́là ni. Ó ní irọ́ ni mò ń pa, pé mo dá a jẹ ni. Epo ẹ̀wà ló sọ mí di ahun lójú ọmọ tí mo bí! Wọ́n tiẹ̀ ní páráfíìnì ló máa ń gbé òórùn jáde jù, pé ti sóyà rọra ń jáde ni. Ká ní ó jáde tán ńkọ́? Ọmọ yẹn ìbá ti pe ọlọ́pàá!

Mo ní kò burú, kí n jókòó jẹ́jẹ́ ti páráfíìnì mi, ni wọ́n bá fi àìsàn dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní ní 2009, àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ní South Carolina State University lọ́hùn-ún l'Ámẹ́ríkà sun oríṣi méjèèjì wò, wọ́n ní àwọn bá kẹ́míkà olóró toluene àti benzene nínú èéfín páráfíìnì, àwọn kò bá a nínú ti sóyà. Àwọn tó ń ṣe àbẹ́là fárígá, wọ́n ní àbẹ́là tí wọ́n bá ṣe dáadáa kò léwu, ìda yòówù kó jẹ́, pé òwú tó gùn jù ló ń fa èéfín dúdú. Ẹ̀yin ẹ dákẹ́ ná! Níbi tí wọ́n ti ń bá mi sọ̀rọ̀ benzene yìí, jẹnẹrétọ̀ alájọgbé mi, kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" yẹn, wà lábẹ́ fèrèsé mi, ó dojú kọ mí, ó ń tu èéfín láti ìrọ̀lẹ́ di òru, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé ti dúdú, àwọn ọmọ ń wúkọ́, epo sì gbówó lórí láti 2023 síbẹ̀ kò pa á, kò sì sí onímọ̀ kankan tó dìde láti South Carolina pé òun fẹ́ wò ó. Àbẹ́là mi tí kò ju ìka lọ ni wọ́n rí bá wí!

Tí mo bá ra páráfíìnì, wọ́n ní mo ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́, tí mo bá ra sóyà, wọ́n ní igbó ni wọ́n ń gé lulẹ̀ ní Bràsíl kí wọ́n tó gbìn ín, mo ní ìda ọ̀pẹ ńkọ́, wọ́n ní háà, ẹ wo igbó Indonéṣíà, mo ní ìda oyin ńkọ́, wọ́n ní ṣé ẹ̀ ń ṣàánú oyin, tó fi iṣẹ́ àárọ̀ iṣẹ́ alẹ́ ṣe é! Ta ló wá ń ṣàánú èmi? Epo pupa àti òwú ni ìyá ìyá mi bù sínú fìtílà amọ̀, ó tàn án sùn, ó tàn án jí, kò sẹ́ni tó bi í léèrè igbó.

Ìyàwó mi gbé ife sóyà lọ sílé àdúrà nígbà tí wòlíì ní kó mú àbẹ́là wá. Wòlíì gbóòórùn rẹ̀, ó ní: "Màmá, ṣé ìṣọ́ òru lẹ fẹ́ ṣe ni, àbí wẹ́dìn?" Wọ́n dá a padà.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pa mí lára jù. Lẹ́yìn gbogbo àríyànjiyàn yìí, ọmọ mi fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní àbẹ́là sóyà lọ́jà, àdàlù ni, wọ́n ti po páráfíìnì mọ́ ọn kó lè le, kí òórùn rẹ̀ lè jáde. Ẹ gbọ́ o! Àwọn méjì tí wọ́n ní kí n yan ọ̀kan nínú wọn ti jọ ń gbé nínú ife kan, èmi nìkan ni n kò gbọ́!

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Àwọn tó ní ínfátà, tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi ń pa iná kí wọ́n tó tan àbẹ́là, àwọn ló ni sóyà, kí wọ́n máa gbóòórùn lọ. Èmi tó jẹ́ pé àwọn oníná ló ń bá mi pa tèmi, páráfíìnì ni tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ ti wo páráfíìnì tí mò ń gbèjà rẹ̀ yìí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí? Ó ti rù! Owó rẹ̀ ń ga, òun ń tín-ín-rín, páálí rẹ̀ ṣì tóbi bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, wọ́n fi afẹ́fẹ́ kún un, ẹ tàn án tán, ẹ kò ì tíì mu omi lé oúnjẹ ni òwú ti ṣubú sínú omi ìda ara rẹ̀. Ìṣáná tí ẹ fẹ́ fi tún un tàn wá ńkọ́? Ẹ ṣá a, orí rẹ̀ fò lọ sábẹ́ àga, igi kù lọ́wọ́ yín. Ẹ má jẹ́ kí n dé orí ọ̀rọ̀ ìṣáná o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀jẹ̀ mi ti ru tó!