Ta Ni Yóò Lóṣòó Sẹ́nu Ọ̀nà Àbújá?

Ìjẹ̀ṣà kì í fi gbèsè ṣeré. Láyé àwọn baba wa, Òṣómàáló a di ẹrù aṣọ rẹ̀, a kiri láti ìlú dé ìlú, a tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, tí onígbèsè bá ń wí pé "ẹ padà wá lọ́la", ọmọ Iléṣà ò ní pariwo. Yóò kàn lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ni: òṣòó ni màá ló kí n tó gbowó mi! Ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Ó yẹ ká jí ọgbọ́n yìí dìde, torí onígbèsè ńlá kan ń bẹ ní Àbújá.

Ẹ bá mi fojú inú wo bàbá àgbẹ̀ kan lábúlé lẹ́yìn Ìpérindó nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Iṣu díẹ̀, ẹ̀gẹ́ díẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀nba igi kòkó tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ọmọ yó ni ìyàwó rẹ̀ ń rù lọ sọ́jà Àtàkúmọ̀sà. Ní 2016, ìjọba àpapọ̀ ní irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò máa gba náírà 5,000 lóṣù. Ọ̀ṣun wà lára ìpínlẹ̀ mẹ́sàn-án tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí ará àdúgbò jókòó, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀, ọ̀dọ́ lọ́tọ̀, kí wọ́n fẹnu ara wọn dárúkọ ẹni tó tòṣì jù. Tẹ́lẹ̀, pe Ìjẹ̀ṣà ní òtòṣì, kí o rí ìjà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹni tí wọn ò pè ló ń bínú.

Ní 2018, mílíọ̀nù 322 dọ́là tí Switzerland dá padà nínú ohun tí ọ̀gágun Abacha kó lọ nígbà tó ń ṣèjọba bọ́ sínú ètò náà. Owó wa rìnrìn àjò, ó sùn nínú òtútù fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó padà wálé, wọ́n ní ká wá dúpẹ́ ọrẹ.

Ẹ má jẹ́ ká purọ́ o: owó kékeré yìí wúlò. Ìyàwó ni wọ́n sábà máa ń fi lé lọ́wọ́, owó tó bá sì kan ìyàwó, ìkòkò ọbẹ̀ ló ń kọ́kọ́ gbọ́. Ní Kenya, ìwádìí tí Haushofer àti Shapiro gbé jáde ní 2016 fi hàn pé àwọn tálákà tí wọ́n fún lówó ra ẹran ọ̀sìn, wọ́n sì fi páànù bolé. Àmọ́ àwọn ọ̀gá inú ọkọ̀ amúlétutù ń wí pé: "Ọtí ni wọ́n máa fi mu." Evans àti Popova ti Báǹkì Àgbáyé kó ìwádìí oríṣiríṣi jọ ní 2014, wọn ò rí i pé owó ọtí lé sí i. Ẹni tó ń fowó ìlú mu ọtí olówó ńlá ló ń bẹ̀rù ẹmu tálákà!

Ìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ni àwàdà wá gbóná. Wọ́n ní àwọn máa fún ilé mílíọ̀nù 12 ní náírà 8,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́fà. Bí ilé bàbá wa bá jẹ́ ẹni mẹ́fà, náírà 44 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan lóòjọ́. Kò ra ẹyin kan. Báǹkì Àgbáyé ni wọ́n sì fẹ́ yá a lọ́wọ́ rẹ̀, mílíọ̀nù 800 dọ́là. Àwìn ni wọ́n fẹ́ fi ta wá lọ́rẹ! Báǹkì Àgbáyé gan-an ni Òṣómàáló tòótọ́, ọmọ bàbá àgbẹ̀ ni yóò sì bá lẹ́nu ọ̀nà.

Aráàlú figbe ta, wọ́n bá sọ ọ́ di 25,000 fún oṣù mẹ́ta, ilé mílíọ̀nù 15. Wọ́n lù ú lágogo ní oṣù kẹwàá. Nígbà tí oṣù kìíní 2024 fi máa dé, mínísítà ètò náà ti ń jókòó sílé fún ìwádìí, ètò náà sì dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN àti àkáùǹtì ni kálukú máa fi gbà á. Bàbá wa, tí ọ̀kadà nìkan ló lè gbé e dé Iléṣà, máa fi owó ọ̀kadà tí kò tíì rí wá owó tí wọn ò tíì san. Àwọn baba wa ń ṣe àáró fún ara wọn láìbéèrè NIN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tí Àbújá kò mọ̀ ni pé oko kì í dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì. Owó tó bá dé kí wọ́n tó kọbè á ra ẹ̀bù, á sanwó alágbàro. Èyí tó bá dé lẹ́yìn tí igbó ti bo iṣu, owó ìtánràn ni.

Nítorí náà, ìjọba, ẹ dín ìlérí kù, ẹ sọ oṣù tí ẹ máa san, kí ẹ sì san án kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọkọ̀ Àbújá ń gbérò ní Òṣogbo. A ń bọ̀ o, a ò sì ní béèrè àga.