Ìtàn Inú Àkàrà

Ìyá alákàrà ni olùkọ́ lítíréṣọ̀ mi àkọ́kọ́. Ojú ewé ìwé ìròyìn ló fi ń di àkàrà. Bí mo bá jẹ ẹ́ tán, màá tẹ́ ìwé náà sórí orúnkún, màá máa ka ibi tí epo ò tíì dé. Lọ́jọ́ kan, mo bá ìtàn kan pàdé: ìyàwó ká ọkọ mọ́ ilé àlè, ó so gèlè mọ́dìí, ó la ẹnu, ó ní... Ibẹ̀ ni ìwé ya sí.

Mo padà lọ ra àkàrà. Ìpolówó ọṣẹ ni wọ́n fi dì í. Mo tún rà. Bọ́ọ̀lù. Nígbà kẹta, ìyá bi mí bóyá wọn kì í dáná nílé wa ni.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Lọ́dún 1929, nígbà tí I. B. Thomas ń tẹ ìtàn Sẹ̀gilọlá jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀, Akéde Èkó, bíi lẹ́tà tí obìnrin náà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, àwọn òǹkàwé kan gbà pé ó wà láàyè lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ kan péré làwọn yẹn ń dúró kí ìyókù tó dé, lọ́dún 1930 ó sì di odidi ìwé. Èmi ṣì ń dúró.

Ẹni tó bá mọ ohun tí ìyàwó yẹn sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wí fún mi. Mo ti yó.