Gíláàsì Ọkọ̀ Tísà

Tísà Ṣadé gbéra láti Pobẹ̀, ó wá bá Bàbá Rẹ́wáyà, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe, ní Sakẹ́tẹ́ nínú Peugeot 206 CC tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti ilẹ̀ Faransé, irú èyí tí òrùlé rẹ̀ ń ká wọ inú búùtù.

TÍSÀ: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Òjò ti ṣú, gíláàsì ọkọ̀ mi ò sì ṣe é tì. Ti ọ̀tún ń gòkè díẹ̀, á dúró, á tún gòkè díẹ̀. Ti òsì ń kùn lásán, kò kúrò lójú kan. Ẹnìkan ní Kútọnu ní kí n lọ ra ẹ̀rọ tuntun méjì.

BÀBÁ: Kú ọ̀nà, ọmọ mi. Má tíì ra nǹkan kan. Àìsàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lo kà sílẹ̀ fún mi yẹn, oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ tà fún ọ. Kí ló ti ṣẹlẹ̀ sí bátìrì ẹ?

TÍSÀ: Ó kú pátápátá. Ọkọ̀ náà pẹ́ ní páàkì ní Kútọnu lẹ́yìn tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Inú ọkọ̀ mìíràn ni wọ́n ti fa iná kó tó ṣiṣẹ́. Ní Àjàṣẹ́ ni mo ti ra bátìrì tuntun.

BÀBÁ: Ọ̀rọ̀ gíláàsì ọ̀tún nìyẹn. Ilẹ̀kùn irú ọkọ̀ yìí ò ní férémù lókè. Gíláàsì fúnra rẹ̀ ló ń lọ fara ti rọ́bà òrùlé. Bó o bá fa ọwọ́ ilẹ̀kùn, gíláàsì á kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ kó má baà há. Bó o bá sì ti ilẹ̀kùn tán, á padà gòkè. Kọ̀ǹpútà kékeré kan ló ń rántí ibi tí òkè àti ìsàlẹ̀ wà. Bí bátìrì bá kú, ó lè gbàgbé. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́, kò kàn mọ ibi tó wà mọ́ ni. Mélòó ni wọn ò tíì yọ dànù báyìí lára ọkọ̀ tó ti Kútọnu bọ̀, tí nǹkan kan ò ṣe! Ó máa ń dùn mí.

TÍSÀ: Kí la wá máa ṣe sí i?

BÀBÁ: Ṣí kọ́kọ́rọ́ iná. Tẹ bọ́tìnnì sókè, gbogbo ìgbà tó bá dúró, tún un tẹ̀, títí gíláàsì á fi dé òkè pátápátá. Tó bá débẹ̀, má yọwọ́. Fi ìka sórí bọ́tìnnì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ibẹ̀ ló ti máa kọ́ òkè rẹ̀. Bí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe fẹ́ ẹ yàtọ̀, ìwé ọkọ̀ á sọ ọ́. Wò ó ná… Ó ti wọlé. Fa ọwọ́ ilẹ̀kùn.

TÍSÀ: Ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀! Bàbá, ẹ ṣeun. Ṣé ẹ mọ̀ pé oníṣègùn eyín kan ló kọ́kọ́ ya irú òrùlé yìí fún Peugeot? Georges Paulin lorúkọ rẹ̀. Ní 1934 ni wọ́n gbé ọkọ̀ Peugeot tó kọ́kọ́ ní òrùlé náà jáde. Àwọn Jámánì yìnbọn pa á ní 1942, nígbà ogun, nítorí pé ó ń bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní ìkọ̀kọ̀.

BÀBÁ: Oníṣègùn eyín? Kò yà mí lẹ́nu rárá. Gíláàsì àti òrùlé gbọ́dọ̀ pàdé bí eyín òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣe ń pàdé. Kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Ó yá, òsì.

TÍSÀ: Èyí tó ń kùn.

BÀBÁ: Tan iná iwájú, kó o wá tẹ bọ́tìnnì. Ṣé iná náà rẹ̀ sílẹ̀?

TÍSÀ: Ó rẹ̀ díẹ̀.

BÀBÁ: A jẹ́ pé iná ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Ká ní kò rẹ̀, tí kò sì dún, fíúsì, bọ́tìnnì tàbí wáyà ni mi ò bá kọ́kọ́ wò. Rọ́bà tó bo wáyà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀, ibẹ̀ ni wáyà ti sábà máa ń já, torí ojoojúmọ́ là ń ṣí ilẹ̀kùn tí à ń tì í. Wàá tẹ bọ́tìnnì, wàá máa mi ilẹ̀kùn lọ mi ín bọ̀. Bí gíláàsì bá ta pọ́ún, o ti rí i nìyẹn.

TÍSÀ: Ẹnìkan ní fíúsì ni, pé kí n fi èyí tó lágbára jù ú lọ sí i.

BÀBÁ: Láéláé! Fíúsì ló yẹ kó jó kí wáyà má baà jó. Bó o bá fi èyí tó tóbi jù tàbí bébà sìgá sí i, wáyà inú ilẹ̀kùn ló máa gbiná. Ní ojú ọ̀nà Kétu yìí, tí àwọn èèyàn ń gbé epo kpayo sí búùtù! Iye tí wọ́n kọ sí ara èyí tó wà níbẹ̀ ni kó o fi sí i.

TÍSÀ: Mo ti gbọ́. Mo sì ti fi àdí pa rọ́bà ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kó lè yọ̀.

BÀBÁ: Àdí kẹ̀!

TÍSÀ: Bàbá, ọmọ Pobẹ̀ ni mí. Láti 1922 ni wọ́n ti ń ṣe ìwádìí ọ̀pẹ nílùú wa. Kí ni ọ̀pẹ ò lè wò?

BÀBÁ: Ó wo ara, ó wo irun, kò wo rọ́bà ọkọ̀. Eruku pupa ọyẹ́ ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó ti di ẹrẹ̀, ẹ̀rọ sì ń fi agbára fa gíláàsì nínú ẹrẹ̀. Omi ọṣẹ la máa fi nù ún, ká jẹ́ kó gbẹ, ká wá fọ́n sílíkónì sí i. Gírísì náà ò dáa níbẹ̀. Àmọ́ gbọ́ ohùn yìí… ẹ̀rọ ń yí, gíláàsì ò tẹ̀ lé e. Okùn wáyà tó ń fà á ti já, tàbí kí ike tó dì í mú ti fọ́. Yọ ìka ẹ kúrò ńbẹ̀! N ó yọ orí bátìrì ká tó ṣí ilẹ̀kùn yìí. Irin inú rẹ̀ lè gé ọwọ́.

TÍSÀ: Bẹ́ẹ̀, kọ̀ǹpútà tún lè gbàgbé ti ọ̀tún.

BÀBÁ: O ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Fún mi ní ẹfun tó o fi ń kọ pátákó, kí n sàmì sí ibi tí bóòtù gíláàsì jókòó kí n tó tú u. Bó bá yẹ̀ díẹ̀ péré, òjò á máa jò sórí ìjókòó. Bí a bá dá a padà, a máa fi bébà sáàárín gíláàsì àti rọ́bà òrùlé, ká fà á. Bó bá yọ jáde wẹ́rẹ́, gíláàsì ò tíì mú. Wò ó ná… Ó ti ṣí. Okùn ló já.

TÍSÀ: Níbo ni n ó ti rí okùn náà?

BÀBÁ: Lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ àlòkù ní Kútọnu. Má gba ti 206 lásán o, ilẹ̀kùn wọn yàtọ̀. Sọ fún wọn pé CC ni, ilẹ̀kùn òsì. Mú èyí tó já yìí dání, kẹ́ ẹ gbé wọn síra. Títí wàá fi dé, n ó fi igi gbé gíláàsì yìí ró sókè, màá sì yọ fíúsì rẹ̀, kí ọmọdé kankan má lọ tẹ bọ́tìnnì. Má sì ṣí òrùlé o, torí gíláàsì ní láti kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ kí òrùlé tó kọjá.