Àkàtàǹpó Mi àti Epo Ìyá Elépo

Ohun tí mo sọ fún àwọn ọdẹ ẹlẹgbẹ́ mi ní Kétu ni pé ìbọn ló ta mí léjìká. Wọ́n gbà. Ṣakabùlà tí ẹ̀tù rẹ̀ bá pọ̀jù a máa ta ẹni tó gbé e padà, kò sì sí ọdẹ tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Irọ́ ni mo pa. Ẹ̀yìn zémíjàn, ìyẹn ọ̀kadà, ni mo ti já bọ́, lẹ́bàá ọjà Dantokpa ní Kútọnu, lójú gbogbo ayé. Iṣu ni mo ń ná. Ọlọ́kadà ń rìn jẹ́jẹ́ nítorí èrò, mo sì rò pé mo lè jókòó sẹ́yìn rẹ̀ kí n ná iṣu lọ́wọ́ obìnrin tó pàtẹ sétí títì. Mo na ọwọ́ láti tẹ iṣu wò. Ọlọ́kadà rí àlàfo níwájú, ó já lọ. Obìnrin yẹn kọ́kọ́ yẹ iṣu rẹ̀ wò kó tó yẹ èmi wò.

Dókítà ní egungun apá mi ti yẹ̀ kúrò nínú ihò rẹ̀. Ó ní bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbé lé orí àwo pẹrẹsẹ ni oríkèé èjìká, ihò rẹ̀ kò jìn, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun ló ń yẹ̀ jù nínú ara ènìyàn. Ó dá a padà (ẹ má bi mí bí mo ṣe ké), ó fi aṣọ gbé apá náà kọ́ mi lọ́rùn, ó sì kìlọ̀: n kò gbọ́dọ̀ ru ẹrù, n kò gbọ́dọ̀ gbé apá sókè kọjá orí, n kò sì gbọ́dọ̀ fi ìdí ìbọn ti èjìká títí òun yóò fi ní ó tó. Ti ẹrù yé mi. Àgádágodo àti ìṣó ni mo ń tà ní Tọkpá, bí a ṣe ń pe Dantokpa, ọmọ iṣẹ́ mi lè bá mi gbé wọn. Ṣùgbọ́n kí ọmọ ọdẹ má ṣọdẹ?

Ibẹ̀ ni àkàtàǹpó ti wọlé. Àbúrò bàbá mi kan sọ pé àwọn máa ń fi í pa alángbá àti ẹyẹ nígbà èwe. Mo ro ó títí, mo rí i pé ọgbọ́n ńlá ni. Ẹni tó ń ta ọrun lásán, èjìká rẹ̀ ni yóò máa di ọsán mú títí yóò fi yọwọ́. Ti àkàtàǹpó, bí ẹ bá ti fi ọsán há, igi ló ń dì í mú. Ẹ lè jókòó tì í, kí ẹ jẹ obì. Kò ní ẹ̀tù, kì í sì í ta ni padà bí ìbọn. Gbogbo ẹ̀ ni mo rò, àfi ẹni tí yóò fa ọsán náà dé ibi tí yóò há sí.

Kò sí ohun tí ẹ ò ní rí ní Dantokpa. Láti aṣọ àǹkárá dé orí ọ̀bọ gbígbẹ fún àwọn tó ń ṣoògùn, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀ létí ọ̀sà Kútọnu. Mo ra sípíríǹgì mọ́tò àlòkù lọ́wọ́ àwọn onírin, alágbẹ̀dẹ tẹ́ ẹ ní ọrun. Káfíńtà gbẹ́ ìdí rẹ̀. Wáyà bíréèkì alùpùpù ni ọsán, irin agboòrùn tí a pọ́n lẹ́nu ni ọfà. Alágbẹ̀dẹ béèrè bóyá kí òun lo irin tó fẹ́lẹ́. Mo ní rárá, èyí tó nípọn jù ni kó lò. Ọ̀yà ni mo fẹ́ pa, kì í ṣe alángbá.

Nígbà tó dọwọ́ wa, kò ṣeé fà. Ọmọ iṣẹ́ mi gbìyànjú, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó pe ọmọ iṣẹ́ aládùúgbò, àwọn méjèèjì jókòó sílẹ̀ níwájú ìsọ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ ti ọrun, wọ́n sì jọ fa wáyà títí ó fi há. Mo fi ọfà sí i. Mo gbé e lé orí àpótí ìṣó, mo fi ìka ọwọ́ ọ̀tún mi tó dá ṣáṣá sí ibi tí à ń fà, mo ń wo ojú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni oníbàárà mi kan kọjá, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ kú ọjà o!”

Ọmọ Yorùbá ni mí. Wọ́n kí mi, mo ní láti dáhùn. Ọwọ́ òsì wà nínú aṣọ tó gbé e kọ́rùn, torí náà ọwọ́ ọ̀tún ni mo fi juwọ́, ìka sì fa ohun tó wà nídìí rẹ̀ lọ.

Ọfà kọjá lábẹ́ agbọ̀n tí obìnrin kan rù, ó rékọjá ọ̀nà, ó sì wọ kẹ́ẹ̀gì lítà 25 Ìyá Elépo ní ìdodo. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyá Elépo fa ọfà yọ láti mọ ohun tó jẹ́, àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn. Epo pupa tú jáde, ó sì dà sórí àǹkárá tí aláṣọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú palẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Màmá náà wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo èmi. “Ọmọ mi, ṣé epo mi ló jọ ẹran ìgbẹ́ lójú ẹ ni?”

Mo san owó epo, mo san owó aṣọ. Láti ọjọ́ náà, Ọdẹ Elépo ni wọ́n ń pè mí ní ìlà wa. Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á pé àwọn ẹ̀yà Fang ní Gabon ti ń fi àkàtàǹpó ṣọdẹ tipẹ́. Paul du Chaillu, tó rin igbó ibẹ̀, kọ ọ́ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1861 pé ilẹ̀ ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ọrun láti fa ọsán, àti pé oró tó wà lẹ́nu ọfà tín-ín-rín wọn ló ń pa ẹran. Èmi ò ní oró, n ò sì ní èjìká. Mo tún kà pé Ọba Richard ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní Ọlọ́kàn Kìnnìún, àkàtàǹpó ni wọ́n ta bà á ní Châlus, nílẹ̀ Faransé, ní 1199. Egbò náà kẹ̀, ó sì pa á. Ibo ni ọfà ti bà á? Èjìká!

Ẹni tó gbọ́n ì bá jáwọ́. Mo mú ọmọ iṣẹ́ mi, a gba Kétu lọ. Ní òru, nínú oko àgbàdo kan, ọ̀yà jáde síwájú iná orí mi, akọ ńlá tó sanra, ó ń jẹ pòròpórò bí ẹni pé baba rẹ̀ ló gbìn ín. Mo fọwọ́ kan ọmọ iṣẹ́ mi. Ó jókòó, ó ti ẹsẹ̀ bọ ọrun, ó fà. Òun nìkan ni, kò tó. Mo bá a fi ọwọ́ kan fà. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, èmi ń kérora, wáyà ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Ọ̀yà gbórí sókè, ó wò wá. Tí ẹ̀rù bá ba ọ̀yà, a máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lu ilẹ̀, a sì máa súfèé. Eléyìí kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ó jẹun tán, ó rìn lọ. Ìgbà tó lọ ni ọsán há, ọwọ́ ọmọ iṣẹ́ mi sì yọ̀: ọfà wọ táyà alùpùpù wa.

Ilẹ̀ mọ́, a ti alùpùpù dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà. Ojú ń tì mí láti wọlé lọ́wọ́ òfo. Ní Tọkpá, mo yà sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́, mo ra ọ̀yà kan, mo gbé e délé pẹ̀lú ẹ̀rín ọdẹ.

Ìyàwó mi kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. “Bàbá Ìbejì, ẹ kú ọdẹ o.” Ó yí ẹran náà síwá, ó yí i sẹ́yìn. “Èyí tí ẹ pa lóru àná, ta ló bá yín yan án gbẹ báyìí?”

Mo ní iná igbó ni. Ó ní ìyá tó tà á fún mi ti pe òun, ẹgbẹ́ èsúsú kan náà làwọn jọ wà, ó sì ní kí òun sọ fún mi pé mo gbàgbé ṣẹ́ńjì mi.

Èjìká mi ti ń sàn. Dókítà ti ní mo lè gbé ìbọn láìpẹ́, bí n bá ṣe eré ìdárayá apá tó kọ́ mi láràárọ̀. Àkàtàǹpó náà wà ní ìsọ̀ mi, títà ni mo fẹ́ tà á, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kó béèrè Ọdẹ Elépo ní Dantokpa, kó sì mú èèyàn méjì dání tí yóò máa bá a fà á.